Bí a ṣe ń rin ìlú Salvador: ẹ fi etí ṣáájú kámẹ́rà

Fúráìdè ni kí ẹ yàn bó bá ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ náà, aṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọ̀ ní Salvador, ìlú àtijọ́ etí òkun ní Bràsíìlì, nítorí Oxalá, ìyẹn Òrìṣàńlá tiwa. Kí ẹ̀yin náà wọ funfun, kí ẹ sì wá bàtà pẹlẹbẹ. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè ìlú, ó sì máa ń yọ̀ tí òjò bá ti kán sí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, lọ́jà Mercado Modelo. Lífìtì Lacerda tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ibẹ̀ ti ń gbé èèyàn gòkè láti 1873. Gíga rẹ̀ tó mítà 72, àmọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ méjì, ó ti gbé yín dókè.

Tí ẹ bá dókè, ẹ fi fóònù sápò ná, kí ẹ wá ìyá alákàrà. Ẹ ò ní ṣì í mọ̀: ó wé gèlè funfun, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, epo pupa ń hó nínú agbada níwájú rẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà náà níbẹ̀. Á là á láàárín, á fi vatapá kún un, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tó ní edé àti omi àgbọn nínú, á wá bi yín pé, “Quente?” Ata ló ń bèèrè, kì í ṣe iná. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sún omi mọ́ra o. Láti 2005 ni ìjọba Bràsíìlì ti ka iṣẹ́ àwọn ìyá yìí mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó tọrọ fọ́tò; ojú tí wọ́n fi ń wo oníbàárà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wo ayafọ́tò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa ka ara ògiri àti pátákó ìsọ̀. X ni wọ́n fi ń kọ “ṣ” tiwa: Oxum ni Ọ̀ṣun, Xangô ni Ṣàngó, axé ni àṣẹ. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ò ní wá ògbufọ̀ fún ìdajì ohun tí ẹ bá rí.

Òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà án ni Pelourinho túmọ̀ sí. Ní ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù kan wà, Rosário dos Pretos. Àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira, ló kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1704, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún, torí ẹ̀yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ iṣẹ́ olówó wọn ni wọ́n tó ń ráyè. Tí ẹ bá ṣì wà nílùú di ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, ẹ lọ gbọ́ máàsì wọn. Ìlù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Tí wọ́n bá pè yín sí terreiro, ilé òrìṣà, ẹ má wọ dúdú, ẹ má ya fọ́tò, kí ẹ sì jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ fún obìnrin. Àìsàn kan ń ṣe àwa ọmọ Yorùbá: bí ẹlòmíì bá kọrin lédè wa, a ó fẹ́ tún ohùn ṣe fún un. Ẹ gbé e mì. Orin ọ̀hún lè jẹ́ èyí tí wọn ò kọ mọ́ nílùú tiyín. Ẹ gbè é bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.