Mo pààrọ̀ processor àti RAM, ojú kọ̀ǹpútà ò tàn mọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ti gbó. Core i3-2100 ni processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó wà nínú rẹ̀, H61 sì ni motherboard rẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́. Mo ra processor i7-3770 àlòkù àti RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) 8GB méjì, mo kó gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Fáànù ń yí, iná ń tàn, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Fara balẹ̀ ná, àbúrò. Ó ṣeé ṣe kí ọjà rẹ má lábùkù rárá. Ihò LGA 1155 kan náà ni àwọn processor méjèèjì ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ìran kejì tó jáde ní 2011 ni i3 rẹ, ìran kẹta ti 2012 sì ni i7 yẹn. Ọ̀pọ̀ H61 ni wọ́n ti ṣe kí ìran kẹta tó dé, BIOS wọn, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé, ò sì mọ̀ ọ́n.

Dá i3 àti RAM àtijọ́ padà. Bó bá ti tàn, wo nọ́ńbà BIOS rẹ̀, kí o wá ojú ewé motherboard yẹn gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkójọ processor tó ń gbà wà níbẹ̀. Bí i7-3770 ò bá sí nínú rẹ̀, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Bó bá wà, gba BIOS tuntun sórí flash, fi sí i. Má ṣe é níbi tí iná ti ń ṣe ségesège o! Bí iná bá lọ láàárín, motherboard lè kú pátápátá.

Lẹ́yìn náà, processor nìkan ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀. Bó bá gbà á, kó RAM sí i. Kíkó tí o kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni kò jẹ́ kí o mọ èwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìbéèrè: Ó ti tàn! Àmọ́ nínú 16GB, Windows ní 3.2GB péré lòun lè lò.

Ìdáhùn: Windows 32-bit, èyí tí kì í lè lo RAM púpọ̀, lo ń lò nìyẹn. Kó fáìlì rẹ pamọ́ síbòmíì, kí o fi 64-bit sí i.

Ìbéèrè: Ó ti rí 16GB báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo fídíò, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń kú fúnra rẹ̀. Mi ò fi ọ̀dà (thermal paste, tó ń gbé ooru láti ara processor lọ sára fáànù) kankan sábẹ́ fáànù o, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbẹ bí ẹfun.

Ìdáhùn: O ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Ooru ló ń pa á. Fi ọtí spirit nu ọ̀dà gbígbẹ náà kúrò lára processor àti ìdí fáànù, kán tuntun sáàárín processor, kó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré kan. Bí fáànù rẹ bá jẹ́ èyí tó ní ẹsẹ̀ ike mẹ́rin, tẹ ẹsẹ̀ kan, kí o tẹ èyí tó wà ní igun òdìkejì, títí gbogbo wọn á fi dún "kà". Yẹ ẹ̀yìn motherboard wò: ọ̀kan sábà máa ń dọ́gbọ́n dúró láì wọlé tán.

Ìbéèrè: Ó ti dúró dáadáa. Kí ló wá dé tó ṣì ń pẹ́ kó tó jí láàárọ̀? Mo ti lè wẹ̀ tán kó tó ṣe tán.

Ìdáhùn: Hard disk rẹ ni. Ká ní o bi mí kí o tó náwó ni, SSD (ibi ìkópamọ́ tó yára ju hard disk lọ) ni ǹ bá ní kí o kọ́kọ́ rà, kó tó kan RAM, kí processor gbẹ̀yìn. Ra SSD SATA. Wáyà tí hard disk rẹ ń lò náà ló máa lò.