Tòmáàtì Lókè, Òfíò Nísàlẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Méjèèjì ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ gbin tòmáàtì àti òfíò sí ẹ̀yìnkùlé kan náà, kó tètè pín ilẹ̀ náà sí méjì. Ohun tí à ń jẹ lára tòmáàtì wà lórí igi, ti òfíò wà nínú ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìtọ́jú wọn ti yà. Omi tí tòmáàtì ń fẹ́ títí dé ọjọ́ ìkórè lè mú kí òfíò tó ti gbó jẹrà. Bákan náà, òfíò tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ yóò hù padà láàárín ohunkóhun tí ẹ bá gbìn tẹ̀lé e.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ òfíò

Tòmáàtì kò ṣòroó dá mọ̀. Ẹbí ata, ìkàn àti tábà ni. Òfíò, tí àwọn kan ń pè ní imumu, ló ń da ojú rú, nítorí ẹbí kan náà ni òun àti dáńdá, èpò tó ń dààmú oko. Méjèèjì jọ kóóko, wọn kì í sì í ṣe kóóko. Ẹ di igi tó gbé òdòdó wọn mú, kẹ́ ẹ fi ìka méjì yí i. Igi kóóko rí roboto, ó ní oríkèé, inú rẹ̀ sì sábà máa ń ṣófo. Ti òfíò àti dáńdá ní igun mẹ́ta, kò ní oríkèé, inú rẹ̀ kún.

Láti ya òfíò kúrò lára dáńdá, ẹ wo òdòdó: ti òfíò pọ́n bí ìyeyè, ti dáńdá pupa, ó sì ṣú. Ṣóńṣó ewé òfíò a máa tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀, ti dáńdá a dédé mú lójijì. Ẹ̀rí tó dájú jù wà nínú ilẹ̀. Òfíò ń so lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan sí ìparí okùn funfun tó ti ìdí rẹ̀ jáde. Dáńdá ń so tẹ̀lé ara wọn lórí okùn kan bí ìlẹ̀kẹ̀, ó korò lẹ́nu, ó sì ní òórùn.

Nítorí okùn yìí ni ọkọ́ kì í fi í ṣẹ́gun dáńdá. Bí ẹ bá gé okùn náà sí mẹ́rin, orí mẹ́rin ni yóò hù. Ẹ dúró kí ilẹ̀ rọ̀ lẹ́yìn òjò, ẹ ti ṣọ́bìrì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 20, kẹ́ ẹ gbé e jáde tokùn-tokùn. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, torí bí ewé tuntun bá pẹ́ tó oṣù kan, ó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í so òmíràn. Ẹ sá ohun tí ẹ bá wú sórí sìmẹ́ǹtì kí oòrùn pa á. Ẹ má dà á sórí ààtàn tí ẹ ó tún fi ṣe ajílẹ̀. Ọ̀rá dúdú tí àwọn olóko ń tẹ́ kì í dá dáńdá dúró, ṣóńṣó rẹ̀ ń lu ọ̀rá já. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń rà wá láti etí odò sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà gbé e wọlé, nítorí náà ẹ yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Òfíò: April ni ẹ gbìn ín

Òfíò ń lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín láàárín oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, yóò gbó bọ́ sí ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ìyẹn ni àǹfààní tí ojú ọjọ́ wa fún yín, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹ lè rí èyí tí ẹ ó gbìn rà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní Sábó. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti yan. Èyí tó gbẹ tó sì hun jọ kò burú, torí òfíò kì í tètè kú bó bá gbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan sí méjì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ó bá ti rẹ tán, ẹ kó èyí tó ṣì léfòó dànù àti èyí tó ní ihò.

Ilẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Níbi púpọ̀ ní Abẹ́òkúta, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì tó òfíò gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìkórè ni ẹ óò jókòó máa ṣa òkúta kúrò lára òfíò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì fi eyín fọ́ èyí tí ẹ kò rí yóò mọ̀ ọ́n lára. Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ fi asẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń sẹ́ yanrìn sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ òkè títí dé sẹ̀ǹtímítà 20. Lọ́jọ́ ìkórè, asẹ́ kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Ohun tó bá kù sójú rẹ̀, òfíò ni.

Ẹ da ìdajì garawa ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá mọ́ ebè tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 3. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín ìlà sí ìlà, 15 sáàárín òfíò kan sí èkejì, kẹ́ ẹ bò ó ní sẹ̀ǹtímítà 3. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ni ebè náà yóò gbà. Ẹ gbin ogún mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lè fi dí àlàfo. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni yóò fi hù. Ẹ má fi ajílẹ̀ yùríà sí i. Ewé yóò tutù yọ̀yọ̀, ẹnu á sì ya yín nígbà tí ẹ bá wú u tí kò sí nǹkan nísàlẹ̀. Ibi tí oòrùn ń pa ni kó wà. Lábẹ́ òjìji kì í so.

Nígbà tí ewé bá ti ń pọ́n, ẹ dáwọ́ omi dúró. Bí ẹ bá wú u nínú ẹrẹ̀, amọ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó hun jọ, òmíràn á sì ti jẹrà. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú oòrùn, kẹ́ ẹ máa yí i padà títí yóò fi le koránkorán.

Tòmáàtì: ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kọjá

Òjò àrọ̀ìrọ̀dá ni ọ̀tá ewé tòmáàtì, ooru òru sì ń gbọn òdòdó rẹ̀ dànù. Nítorí náà, ẹ fún irúgbìn rẹ̀ sí nọ́sìrì, ìyẹn ebè kékeré tí ó ti máa kọ́kọ́ hù, ní ìparí oṣù kẹjọ, kẹ́ ẹ tú u gbìn sóko lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tó bá ti ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Yóò so bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, bí ẹ bá ṣáà ti ní omi. Ẹ rì í wọlẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, torí gbòǹgbò ń yọ lára igi rẹ̀ tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò. Sẹ̀ǹtímítà 60 ni kẹ́ ẹ fi sáàárín ìlà, 50 sáàárín igi sí igi.

Irú tòmáàtì tí wọ́n ń pè ní Roma VF àti UC82B kì í ga púpọ̀, ẹ má gé ẹ̀ka wọn. Ọ̀pá kúkúrú kan tó láti gbé èso kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ tú u gbìn, ẹ fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan bu ajílẹ̀ NPK 15-15-15, nǹkan bíi gíráàmù 6, yí ìdí igi kọ̀ọ̀kan ká. Kó fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí igi, kẹ́ ẹ sì bò ó. Ẹ tún un ṣe bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tanná.

Omi lítà 1 sí 2 lójúmọ́ ló tó igi kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dà á sí láàárọ̀, kì í ṣe orí ewé. Ẹni tó bá fi omi dù ú fún ọjọ́ mẹ́rin, tó wá rọ́ garawa kan lé e lórí, yóò rí i kí ìsàlẹ̀ èso dúdú kó sì tẹ̀ wọnú. Kì í ṣe kòkòrò. Omi tí kò dọ́gba ni kò jẹ́ kí èròjà káṣíọ́ọ̀mù dé inú èso.

Bí igi bá rọ lójijì lọ́sàn-án tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, ẹ gé ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu ibi tí ẹ gé kan omi nínú gíláàsì. Tí oje funfun bá ń ṣàn wálẹ̀ bí okùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àrùn bakitéríà ni. Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ wú u tìdí-tìdí, ẹ sun ún, kẹ́ ẹ má sì gbin tòmáàtì, ata tàbí ìkàn síbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta. Lẹ́tà V àti F tó wà lára Roma VF, àìsàn Verticillium àti Fusarium ló wà fún. Kò gba tòmáàtì lọ́wọ́ èyí.

Ẹ máa yẹ abẹ́ ewé wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ojú ewé bá ní àwọn àbàwọ́n funfun tó ń fẹ̀ sí i, ìdin kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, tó ba tòmáàtì jẹ́ púpọ̀ ní ìhà Àríwá lọ́dún 2016, lè ti wà láàárín awọ ewé náà. Ẹ já irú ewé bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sun ún. Ẹ gún èso dóńgóyárò gbígbẹ, ẹ rẹ gíráàmù 50 sí lítà omi kan mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi fọ́n ewé ní ìrọ̀lẹ́.

Lórí ebè tí ẹ ti wú òfíò, ẹ má gbé tòmáàtì síbẹ̀ lọ́dún yẹn. Èyí tí ojú kò rí yóò hù, ẹ kò sì ní lè tu ú láìfa gbòǹgbò tòmáàtì. Ẹ̀wà tó ń nà sílẹ̀ tàbí ẹ̀gúsí ni kẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀, kí ewé wọn bo ilẹ̀ mọ́ oòrùn. Èyí tó bá yọ orí, ẹ wú u kí ó tó pé oṣù kan.