Bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde láti fi fóònù ṣàkójọ kànga àti ẹ̀rọ omi àdúgbò

Ẹni tó ti jáde ní yunifásítì kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan fóònù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì mọ̀ ni bí a ṣe ń bi ará àdúgbò ní ìbéèrè tí ìdáhùn ogún èèyàn á fi ṣeé rò pọ̀. Kànga àti ẹ̀rọ omi ló dára jù láti fi kọ́ wọn: ó ṣeé fojú rí, ó ṣeé wọ̀n, àdúgbò sì máa lo àbájáde rẹ̀. Ẹ gba èèyàn méjìlá, ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa béèrè, kí èkejì máa tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ márùn-ún tó.

Fóònù Android kan fún èèyàn méjì ni. Ẹ má náwó sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Àlòkù tí ojú rẹ̀ ti sán dára, bí GPS rẹ̀, ohun tó ń sọ ibi tí fóònù wà, bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ODK Collect tàbí KoboCollect sí i, áàpù tí a fi ń tẹ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù ìbéèrè. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn ò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò iṣẹ́: ìdáhùn á wà nínú fóònù títí ẹ ó fi débi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹ fi páwà báńkì, ìwé àjákọ àti bírò kún un. Ẹ má fojú kéré ìwé àjákọ yẹn.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣí kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ kó wọn lọ bá àwọn tó ń pọnmi, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́: ta ló ń tún ẹ̀rọ ṣe, ta ló ń gbowó àtúnṣe, kí ni wọ́n fẹ́ fi àkójọ náà ṣe. Bí kò bá sẹ́ni tó máa lò ó, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

Orí fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́, torí náà ẹ fún un ní ọjọ́ kejì gbáko. Inú Excel, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń to nǹkan sí òpó àti ìlà, ni wọ́n ti ń kọ ọ́. LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ń ṣe é bákan náà. Ojú ewé kan ń jẹ́ survey, òmíràn ń jẹ́ choices. Nínú survey, òpó type ń sọ irú ìdáhùn, name ni orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi mọ ìbéèrè náà, label ni ohun tí èèyàn máa kà. Ẹ má fi àlàfo tàbí àmì ohùn sínú name: ipo_kanga ni kí ẹ kọ. Inú label ni èdè àdúgbò ti ń wọlé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ text (kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn) síbi tó yẹ kó jẹ́ select_one (kó yan ọ̀kan lára ìdáhùn tó wà lójú ewé choices). Ọ̀kan á kọ "ó ti bàjẹ́", èkejì á kọ "o ti baje", ẹ̀kẹta á kọ "kò ṣiṣẹ́". Bákan náà ni kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà á kà á sí, ẹnì kan á sì fi gbogbo òru tún un tò. Gbogbo ohun tó bá ṣeé yàn, kí wọ́n yàn án.

Àṣìṣe kejì ò hàn bíi ti àkọ́kọ́, òun ló sì burú jù. "Ṣé ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́?" Ẹni tó ń fi ìdajì wákàtí fa omi kẹ́ẹ̀gì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, aládùúgbò rẹ̀ á ní rárá. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ pọn lítà 20, ẹ fi aago fóònù kà á, kí wọ́n tẹ iye ìṣẹ́jú àáyá. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 jọ ti 20 púpọ̀, torí náà ẹ fa ìlà síbi lítà 20 lára gbogbo wọn kí ẹ tó jáde nílé. Bó bá kọjá 300, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n yan "kò kún". Nínú òpó constraint, tó ń sọ ìdáhùn tí a lè gbà, ẹ kọ . > 0 and . <= 300. Ẹni tó fẹ́ tẹ 45, tó wá tẹ 450, fóònù á dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè 15 ti tó. Èyí tó bá lé, ẹ gé e. Ẹ má gba orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù tí iṣẹ́ náà kò nílò. Kí ẹnì kan túmọ̀ ìbéèrè sí èdè àdúgbò, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ padà. Ibi tí méjèèjì kò bá ti bára mu, ẹ tún un kọ. Fún fọ́tò, ẹ kọ max-pixels=1024 sínú òpó parameters, kí fífi ránṣẹ́ má bàa jẹ dátà tán.

Ọjọ́ kẹta ni ìdánwò. Kí ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí kànga mẹ́ta kan náà. Ibi tí ìdáhùn wọn bá ti yàtọ̀, ẹ má bá wọn wí, ìbéèrè ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ parí àtúnṣe lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí ẹ bá yí name padà nígbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè kan á pín sí òpó méjì.

Ọjọ́ yìí kan náà ni kí ẹ kọ́ wọn ní GPS. Kí wọ́n kúrò lábẹ́ òrùlé àti igi, kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n máa wo nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe péye tó. Á bẹ̀rẹ̀ lókè, á máa wálẹ̀. Mítà 5 ni kí wọ́n dúró dè. Ẹni tó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ nínú ilé, kànga rẹ̀ lè bọ́ sí òdìkejì títì lórí àwòrán ilẹ̀. Níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àkọ́kọ́ máa ń pẹ́, torí náà kí wọ́n tan GPS ní gbangba láàárọ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Ọjọ́ kẹrin, wọ́n jáde. Fọ́ọ̀mù tí wọn ò bá tẹ Finalize (ó ti parí) fún kì í lọ. Ìdí nìyí tí ìwé àjákọ fi wà: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á kọ iye kànga tó ṣe, ẹ ó fi wé iye tó dé orí sáfà, kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìdáhùn ń lọ. Àfi kí méjèèjì bára mu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ áàpù kúrò lórí fóònù, torí pẹ̀lú ìdáhùn tí kò tíì lọ ni yóò jọ parẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fúnra wọn kọ àbájáde sórí páálí ńlá ní èdè àdúgbò: ibi tí kànga wà, iye ìṣẹ́jú àáyá, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí àdúgbò bá gbà, ẹ fi àwọn kànga náà sórí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, man_made=water_well ni àmì rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni páálí máa wà. Ẹ fi òpó kan sílẹ̀ lófìfo fún èyí tí wọ́n máa wọ̀n ní oṣù mẹ́ta sí i, kí ẹ sì fi kẹ́ẹ̀gì onílà náà sílẹ̀ fún wọn.