Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwá Àwọn Tí Kò Rọrùn Láti Rí Bi Léèrè

Ó ń dùn mí bí àwọn ọ̀dọ́ aṣèwádìí ṣe ń náwó wá sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń kó èsì tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé padà lọ. Onífàyàwọ́ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti apẹja tí ń ṣí kiri kì í ṣe ẹni tí à ń rí bí akọ̀wé ìjọba.

Èkíní, ẹ má ṣe wá orúkọ wọn nínú ìwé ìjọba. Ọdún 2006 ni a ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ fún akànìyàn pé fàyàwọ́ ni iṣẹ́ òun.

Èkejì, ẹ má ṣe gbára lé ìbéèrè Yorùbá nìkan níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ Ègùn.

Ẹ̀kẹta ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Ọ̀nà kí ẹni tí a bi léèrè júwe ẹlòmíràn fún wa, èyí tí Leo Goodman, onímọ̀ ìṣirò, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1961, wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ nìkan ni àwọn ènìyàn wa ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alága a júwe àbúrò rẹ̀, àbúrò a júwe ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí ìwé ìbéèrè yóò fi kún. Mo ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ kan láti abúlé apẹja kan létí òkun: gbogbo àwọn tí ó dáhùn ni ó ní ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn tí ń fa àwọ̀n gba owó iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì kọ ọ́ pé àwọn apẹja ibẹ̀ kì í jẹ gbèsè! Ta ni olówó ọkọ̀ yóò júwe, bí kò ṣe olówó ọkọ̀ bíi tirẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ ara wọn: ẹni tí ń fa àwọ̀n, obìnrin tí ń yan ẹja, ẹni tí ó ti ìhà Kútọnu wá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan júwe ju ènìyàn mẹ́ta lọ, kí ẹ sì bi olúkúlùkù pé ẹni mélòó ni ó mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó mọ ènìyàn púpọ̀ ni wọ́n tètè máa ń júwe, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n ìdáhùn rẹ̀ kù nígbà ìṣirò, gẹ́gẹ́ bí Douglas Heckathorn, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti là á kalẹ̀. Bí ẹ kò bá béèrè rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìṣirò tí yóò gbà yín nílé.

Ẹ má ṣe dé èbúté lọ́sàn-án gangan kí ẹ wá ní ẹ kò bá ènìyàn. Owó ìmoore tí ẹ ń fún àwọn tí ó dáhùn, bí ó bá pọ̀ jù, a máa fa àwọn tí kò wọ ọkọ̀ rí wá pe ara wọn ní apẹja.

Ẹ má ṣe bá aṣọ́bodè wọ àárín onífàyàwọ́, ẹ má sì ṣe kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù wọn sórí ìwé ìbéèrè. Àmì tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ ti tó, nítorí bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni tí ó gbà yín gbọ́ ni wọn yóò wá mú.