Ìka Mi Ni Ẹ̀rọ Ò Rí Kà: Bí Mo Ṣe Wọ State Guard ní California

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe State Guard. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sówó níbẹ̀, pé ẹ kàn fẹ́ yọ̀ǹda ara yín fún ìpínlẹ̀ ni, ẹ ní kó wá bá mi. 188 dọ́là ni mo fi tẹ̀ka lásán, oṣù méje gbáko ló sì gbà kí n tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Kì í ṣe pé mo dá ọ̀ràn kankan o. Mi ò jalè rí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí, àní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò lásán wọn ò já fún mi rí. Ìka ọwọ́ mi ló ti pá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ nǹkan tí kiní yẹn jẹ́, torí nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí WhatsApp, n'Ìbàdàn tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ gbé ẹ lọ sógun ni?" Mo ní rárá, Màmá, ẹ fi ṣe Amọ̀tẹ́kùn, gómìnà ló ni ín, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n, owó oṣù ń kọ́?" Mo ní wọn kì í san owó oṣù. Màmá mi dákẹ́ lọ gbári, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni.

Bó ṣe rí rèé. Ní California, ọ̀gá kan náà ló wà lórí Army National Guard (ṣọ́jà ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀), Air National Guard (ṣọ́jà òfuurufú ti ìpínlẹ̀) àti àwa State Guard. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, ààrẹ Amẹ́ríkà lè kó wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti lọ sí Iraq àti Afghanistan. Àwa ò lọ síbì kankan. Òfin ìjọba àpapọ̀ fúnra ẹ̀ ló sọ pé ìpínlẹ̀ lè ní irú ẹgbẹ́ báyìí, àti pé wọn ò lè kó ẹgbẹ́ náà wọnú ológun àpapọ̀. Tí ilé bá dá, àwa la máa ṣọ́ ọ. State Military Reserve ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, 2020 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ìpínlẹ̀ bíi ogún ló ní irú ẹ̀, Texas ní, New York náà ní. Ibi tí Amọ̀tẹ́kùn ti yàtọ̀ sí wa ni pé àwọn ń lé ajínigbé nínú igbó, àwọn ń gbowó oṣù, èmi ò tíì fọwọ́ kan ìbọn látìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́. Ìgbà tí gómìnà bá pè wá jáde fún pàjáwìrì nìkan ni owó máa ń wọlé. Drill, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìparí ọ̀sẹ̀ oṣooṣù, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tó sún mi débẹ̀ ni corona, 2020. Mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Sacramento, wọ́n ń gbé àlùbọ́sà àti ìrẹsì sínú búùtù mọ́tò àwọn èèyàn, ọ̀kan nínú wọn sì nìyí, bàbá olórí funfun, wọ́n lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ṣọ́jà ṣì ni yín? Wọ́n ní tíṣà ni àwọn, àwọn ti fẹ̀yìn tì, State Guard làwọn ń ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo ti lé ní 40, tí mò ń tọ́jú àwọn arúgbó lálaalẹ́, kí ló dé tí mi ò lè ṣe é? Nígbà tí mo di ọmọ ìlú tán, February 2023, mo kọ fọ́ọ̀mù.

Fọ́ọ̀mù, ìwé dókítà, kí wọ́n pe èèyàn kí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó ti gba físà Amẹ́ríkà rí, kí ló tún kù tí yóò le fún un.

Live Scan ló kù. Òun ni wọ́n fi ń tẹ̀ka èèyàn ní California, gbogbo ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tíṣà, nọ́ọ̀sì, ẹ̀ṣọ́ tàbí olùtọ́jú ọmọ ló máa ń ṣe é. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, kọ̀ǹpútà á fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ ìpínlẹ̀ àti FBI, ó parí. Mo ti ṣe é rí ní 2015 nígbà tí mo fẹ́ gba ìwé iṣẹ́ CNA mi, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì lọ. Mo wá bi àwọn ará State Guard pé ṣebí tàtijọ́ yẹn wà nílẹ̀, ẹ wò ó níbẹ̀. Wọ́n ní òfin ò gbà, èsì tó bá lọ sí ẹ̀ka kan, ẹ̀ka mìíràn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìka kan náà o! Ìka tí Ọlọ́run fún mi, tí kò yí padà!

Àṣé ó ti yí padà. Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lóru kan, tí mò ń fi oògùn apakòkòrò pa á, tí mò ń wọ ìbọ̀wọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, gbogbo ìlà ìka mi ló ti pa rẹ́. Mi ò mọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé, ibi tí wọ́n ti ń ta páálí tí wọ́n sì ń rán ẹrù. 79 dọ́là: 30 ti ṣọ́ọ̀bù, ìyókù ti ìjọba. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń di ọwọ́ mi mú bí ẹni ń fún aṣọ, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí n tẹ̀ ẹ́ gan-an. Ẹ gbọ́ o, irọ́ ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ńṣe ni ìlà á pa pọ̀ mọ́ra wọn, kò ní hàn. Ẹ fi í lé e jẹ́jẹ́. Mi ò mọ̀ ìyẹn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni ìwé dé pé wọn ò rí ìlà ìka mi kà, kí n padà lọ. Kò burú, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, mo mú ìwé yẹn dání. Ibí yìí ni inú mi ti ń ru títí dòní. Lórí fọ́ọ̀mù Live Scan, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní ATI, wọ́n fi ń mọ ti ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tún un ṣe ni, ààyè kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ATI ti àkọ́kọ́ sí, kí ìjọba lè mọ̀ pé ẹ ti sanwó tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ò kọ ọ́. Ó wo ìwé mi, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní gbogbo ẹ̀ náà ni, ó tẹ ìka mi bíi pé a ò rí ara wa rí, ó tún gba 79 dọ́là. Èmi náà sì sanwó, òmùgọ̀ ni mí, mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ibi tó sì ti wá dùn mí jù nìyí: tí FBI bá ti kọ ìtẹ̀ka èèyàn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò hàn, ẹ̀ka tó ń bèèrè lè ní kí wọ́n fi orúkọ wá ẹni náà dípò ìka, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ tèmi, àbí? Rárá o. Torí pé ATI ò sí níbẹ̀, ẹni tuntun ni wọ́n kà mí sí lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ èmi méjì. Obìnrin tó ń bójú tó fáìlì mi ní State Guard ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó ní pẹ̀lẹ́, pé kò sí ọ̀nà mìíràn, kí n lọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n lè rí i kọ̀ dáadáa. Ẹ wò ó, mò ń gbàdúrà kí ìka mi má yege!

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ dá 79 mi padà. Ọ̀gá wọn ní owó ti wọ àpò ìjọba. Mo ní tí 30 tiyín ńkọ́? Ó ní àwọn ṣe iṣẹ́ àwọn. Mo pariwo díẹ̀, mo mọ̀, mi ò kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ibòmíràn, obìnrin ará Mexico kan tó ń ṣe é nínú gáréèjì ẹ̀, ó wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Nọ́ọ̀sì ni yín." Ó kọ ATI sí i, 30 dọ́là péré ló gbà, ó sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìka kọ̀ọ̀kan kó tó lọ sí òmíràn. Òun ló sọ fún mi pé bí mo bá ti wá bá òun ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, òun ì bá ní kí n lọ fi ìpara pa ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n wọ ìbọ̀wọ́ òwú sùn, kí n sì fọ gbogbo ọ̀rá yẹn kúrò lárọ̀ọ́ ọjọ́ tí mò ń bọ̀.

Mo pe màmá mi, mo ń ráhùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ rántí nígbà BVN, màmá mi tó ti yan gààrì fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rọ báǹkì ò rí ìka wọn mú, wọ́n tò láti àárọ̀ dalẹ́, èmi sì wà níbí tí mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màmá, ẹ ò ní ìka mọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o wà l'Ámẹ́ríkà, ìka tìẹ dà?" Wọ́n wá ní kí n lọ wá òrí. Mo ní ó ti pẹ́ jù, Màmá.

Wọ́n kọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n fi orúkọ wá mi, ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. September 2023 ni mo gbé ọwọ́ sókè tí mo búra. Mo sunkún, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ gan-an wá dà? Ìparí ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, aago méje àárọ̀ a ti tò. Wọ́n kọ́kọ́ kó àwa tuntun lọ sí Camp San Luis Obispo, ibùdó tó ti wà láti 1928, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń kí ọ̀gá, bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bàtà tuntun jẹ mí lẹ́sẹ̀ débi pé èmi olùtọ́jú ló di aláìsàn. Ẹ wọ̀ ọ́ yíká ilé fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ jọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ìlera ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí National Guard bá fẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè, àwa là ń yẹ̀ wọ́n wò: ìfúnpá, etí, eyín, abẹ́rẹ́. Àwọn lọ́yà tó wà láàárín wa ló ń bá wọn ṣe ìwé ogún kí wọ́n tó lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà National Guard yẹn wo orúkọ tó wà láyà mi, ó ní, "How far?" Ẹ̀rọ ìfúnpá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àṣé láti 2006 ni California National Guard ti ń bá àwọn ológun Nàìjíríà ṣe àjọṣe, ṣọ́jà yìí ti lọ sí Abuja lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣúyà ibẹ̀ ò ní àfiwé.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ ló kù. Àwọn kan lára wa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé igbó kí iná má baà kọjá, àwa tó kù ń múra sílẹ̀ de ibi tí wọ́n á kó àwọn tílé wọn jó sí. Nígbà tí òjò bá wá dé, ọ̀rọ̀ omíyalé. Nígbà tí iná Palisades àti Eaton bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles, 7 January 2025, wọ́n ní kí àwa náà wà ní sẹpẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni báàgì mi fi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́, mo ti wá ẹni tó máa dúró ti ọmọ. Wọn ò pe tiwa. Inú bí mi, ara sì tún tù mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tó ń dirun, ẹ̀yin tó ń fọ àwo, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpara láti òní. Fọ́ọ̀mù Live Scan àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi fóònù yà á, ẹ má jẹ́ kó sọ nù, ẹ fi ìka yín han ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ibi tí ATI wà, ẹ dúró títí ó fi kọ ọ́.

Mo fi fọ́tò yunifọ́ọ̀mù mi ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n ti lọ sọ ọ́ di ńlá, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń fi hàn pé ọmọ àwọn ti di ọ̀gá ṣọ́jà l'Ámẹ́ríkà. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọn kì í sanwó.