Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Bọ̀ láti Ìlú Ọba sí Nàìjíríà, Ẹ Wo Kíláàsì Tó Wà

Owó oṣù àti ilé ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń ṣírò. Kíláàsì ọmọ ló yẹ kó ṣáájú, torí òun ló máa sọ ọdún tí ẹ lè kó ẹrù.

Tó bá ṣì wà ní pírámárì, kò le. Ẹ jẹ́ kó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí táàmù àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Year 10 àti Year 11 ni wàhálà wà. Ọdún méjèèjì ni wọ́n fi ń múra GCSE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ní ìparí Year 11 lọ́hùn-ún, ẹ má yọ ọmọ láàárín wọn. Lóòótọ́, àwọn ilé ìwé tó ń ṣe IGCSE, irú GCSE tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè, wà ní Èkó àti Àbújá, ṣùgbọ́n ìwé lítíréṣọ̀ tó ti ń kà bọ̀ lè máà sí nínú tiwọn rárá. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gba sílábọ́ọ̀sì ilé ìwé méjèèjì, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi bírò fàlà sí gbogbo ohun tí ọmọ ò tíì kà. Bí ilà bá ti pọ̀ jù, ẹ dúró kó parí ìdánwò.

Fún WAEC, SS1 ni kó ti wọlé. Máàkì iṣẹ́ kíláàsì láti SS1 ni ilé ìwé ń fi ránṣẹ́. Ọmọ tó já wọ SS3 á ní àlàfo níbẹ̀. Ẹ tètè gba NIN rẹ̀ pẹ̀lú, torí JAMB kì í forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí i.

Èyí tó ń dun àwọn òbí jù lọ kì í fojú hàn títí ọmọ á fi pé 18. Kó tó lè san iye owó ilé ìwé tí àwọn ọmọ onílùú ń san ní yunifásítì England, ó gbọ́dọ̀ ti fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé fún ọdún 3 ṣáájú kí ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù nìkan ò tó. Ọmọ tó kúrò ní 14 lè bá owó tí àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ń san pàdé, èyí tó sábà máa ń ju ìlọ́po méjì lọ, kó má sì rí owó ìjọba yá. Fífi í sí bọ́dìn lọ́hùn-ún lè máà yanjú ẹ̀, torí yunifásítì máa ń bi í bóyá ẹ̀kọ́ nìkan ló gbé e débẹ̀. Bí iṣẹ́ tó ń gbé yín bọ̀ bá ní ọjọ́ ìparí, ẹ tọ́jú lẹ́tà rẹ̀ dáadáa: òun lẹ lè fi hàn pé ìgbà díẹ̀ lẹ fi kúrò. Ẹni tó sì jẹ́ ILR (àṣẹ láti máa gbé Ìlú Ọba láìní gbèdéke) ló ní, tó bá lo ju ọdún 2 lọ níta láì padà, ó ti bọ́ nìyẹn.

Ẹ bi ilé ìwé tuntun: ṣé náírà ni wọ́n fi ń gba owó ilé ìwé àbí dọ́là? Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,500 ní ìparí 2024. Bí owó oṣù yín bá jẹ́ náírà, ẹ ya owó ilé ìwé ọdún méjì sọ́tọ̀ ní pọ́n-ùn kí ẹ tó kúrò.