Kí wọ́n tó fi abẹ kan orí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìlú Ọba, ẹ béèrè nípa Iléṣà náà

Iléṣà ni mo ti ń tẹ èyí, iná ti lọ láti àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí fàráǹdà, wọ́n ń retí kí àbúrò wa ra epo dé ká lè tan jẹnẹrétọ̀, torí wọ́n fẹ́ ṣájì bátìrì tó wà lábẹ́ awọ àyà wọn. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún wọn nítorí Parkinson's, àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le gbagidi. Ìbéèrè 17 la kọ sínú ìwé lọ bá dókítà, ọ̀kan ṣoṣo ò kan Iléṣà níbẹ̀, ó ń dùn mí títí dòní. Ni mo ṣe ní kí n kọ eléyìí fún ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ifẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún.

DBS (deep brain stimulation, fífi iná kékeré ta ọpọlọ jí) ni wọ́n ń pe iṣẹ́ abẹ náà. Grenoble nílẹ̀ Faransé ni dókítà Benabid àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1987, torí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi wa dán wò bí àwọn kan ṣe ń sọ nílé. Wọ́n á lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n á ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ọpọlọ, wáyà á gba abẹ́ awọ ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá síbi bátìrì. Kì í wo àìsàn yẹn sàn, kì í sì dá a dúró. Torí ẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: nínú gbogbo ohun tó ń yọ mí lẹ́nu, èwo ló máa dín kù, èwo ni ò ní dín kù? Ohun tí levodopa, oògùn Parkinson's, bá ń mú rọlẹ̀ lára yín ló sábà máa ń gbọ́ ti ẹ̀rọ yìí, àfi ọwọ́ gbígbọ̀n tó lè gbọ́ tiẹ̀ kódà bí kò gbọ́ ti oògùn. Ohùn tó ti rẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Kì í sábà ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ sísọ tiẹ̀ lè burú sí i. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí pé ohùn ọkọ òun á padà, kò béèrè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

GP, dókítà àdúgbò yín, ò lè fún yín ní iṣẹ́ abẹ yìí o, dókítà ọpọlọ ló máa fi yín ránṣẹ́ sí ọ̀kan lára ilé ìwòsàn díẹ̀ tó ń ṣe é. Ọjọ́ kan á wà tí wọ́n á ní kẹ́ẹ má lo oògùn mọ́jú, kí wọ́n wo ara láìsí oògùn, kí wọ́n tó fún yín ní levodopa kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Àgbo tí wọ́n bá ń fi ránṣẹ́ láti ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́. Hóró yèrèpè ní levodopa nínú, tẹ́ẹ bá mu ún lóru ọjọ́ yẹn, àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ béèrè owó náà kó tó pẹ́ jù. Ẹni tó ti san owó ìlera orí físà kì í san owó iṣẹ́ abẹ ní NHS, ètò ìlera ìjọba, àmọ́ bàbá tó kàn wá kí ọmọ ní England, wọ́n lè bu 150% iye tí NHS ń ná fún un.

Wọ́n tọ́ wa pé dókítà ló mọ̀, ká má máa bi àgbà ní ìbéèrè jù. Ní Ìlú Ọba, tẹ́ẹ bá dákẹ́, wọ́n á rò pé ó ti yé yín ni. Láti ìgbà ẹjọ́ Montgomery ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2015, dókítà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ewu tó ṣe pàtàkì sí ẹ̀yin gan-an kẹ́ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n tẹ́ẹ ò bá lanu? Ẹ bi í pé: mélòó lẹ ń ṣe lọ́dún? Ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ọpọlọ, nǹkan bí 1 tàbí 2 nínú 100 ni wọ́n sábà máa ń pè é, mélòó ni tiyín níbí? Ṣé ojú mi máa là sílẹ̀ ni àbí ẹ máa kùn mí lóorun? Tí Màmá ò bá gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má lo ọmọ, torí ọmọ á fo ibi tó bá ń bà á lẹ́rù.

Ó wá ku ti ilé. Bátìrì tí wọ́n ń ṣájì lè lò tó ọdún 15, àmọ́ iná ló ń jẹ. Èyí tí wọn kì í ṣájì, lẹ́yìn bí ọdún 3 sí 5, wọ́n á tún la àyà díẹ̀ láti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ máa ń lọ sílé, ẹ sọ bí iná ṣe rí, kẹ́ẹ jọ yan èyí tó bá ayé yín mu. Ẹ béèrè ẹni tó máa yí agbára iná ẹ̀rọ náà sí bó ṣe bá ara yín mu tẹ́ẹ bá lo oṣù mẹ́ta nílé, àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n lè yí látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ má sì tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí yíyí ẹ̀rọ náà títí tó fi máa bá ara mu máa ń gba oṣù mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Kẹ́ẹ tún gba lẹ́tà tí dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà tàbí ní OAUTHC n'Ífẹ̀ lè kà: irú ẹ̀rọ wo ni, irú àyẹ̀wò MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) wo ni wọ́n lè ṣe fún un, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ diathermy tí wọ́n fi ń mú iṣan gbóná kàn án láéláé. A ò gba tiwa ṣáájú, ìpè orí fóònù ló gbà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà méjì la tẹ̀, ọ̀kan wà nínú àpò ẹ̀gbọ́n mi, Màmá wa tọ́jú èkejì sínú Bíbélì wọn.